Níbo Ni Àṣìṣe Náà Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi etí sí ọ̀rọ̀ ìjúwe díẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ìjúwe ilé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjúwe ọ̀nà oko. Ìjúwe ibi tí àṣìṣe wà ni. N óò mẹ́nu ba kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú mi ti là sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá bí wọ́n bá ti rí orúkọ ẹ̀rọ náà, wọn yóò sì béèrè pé kí ni ó pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀ka Yorùbá. Ẹ ṣe sùúrù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti di bírò pupa mú rí, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ní sáà tí a ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní T.P., wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lọ́kọ́ja. Ọmọ 52 ni ó wà nínú kíláàsì tí wọ́n fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ kan lórí àkòrí yìí: "Ọjọ́ Tí Omi Wọ Ilé Wa." N kò ronú jìnnà kí n tó mú àkòrí náà. Ní ọdún 2012, odò kún bo ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́kọ́ja, ní ọdún 2022 ó tún padà wá. Kò sí ọmọ etí odò wa tí kò ní ohun tí ó lè sọ lórí omi, bí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i, yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí òun náà ń gbé ní Kpata bí èmi. Ó kọ tirẹ̀ kún ojú ewé kan gbáko, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù ú lọ kì í ṣe. Ní ìlà kejì ni ó ti kọ ọ́ pé bàbá òun lọ yá ọkọ́ kan lọ́wọ́ aládùúgbò wọn. Ọkọ̀ ni ó ní lọ́kàn, èyí tí ń gbé ni gba orí omi. Ohùn òkè tí ó fi sí i ni ó sọ ọ́ di ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Láti ibẹ̀ lọ, kò kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn mọ́. Wọ́n wọ inú ọkọ́. Wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ́. Ìyá rẹ̀ di etí ọkọ́ mú gírígírí. Èmi tí mo ti ka ìwé bí ogójì ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ń sáré kà á lọ ni, àfi ìgbà tí mo dé ìlà ìkẹyìn níbi tí ọkọ́ ti fẹ́ rì ni mo tó jí. Mo fi bírò pupa yí ìlà ìkẹyìn náà po, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Kò yé mi. Àmì ohùn! Tún un kọ."

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá sí ìdí tábìlì mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni?"

Mo ní, "Ó wà nínú rẹ̀. Lọ wò ó dáadáa."

Ó lọ wò ó. Ìgbà tí ó dá a padà fún mi, ọkọ́ ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láti ìlà kejì títí dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ilé di ilẹ̀, ó ti yọ àmì orí omi kúrò bí ẹni pé omi ní àmì lórí tẹ́lẹ̀, ó ti sọ bàbá di bàtà. Ó ti ba èyí tí ó dára jẹ́ níbi tí ó ti ń wá èyí tí kò dára. Mo fún un ní 3 nínú 10. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bí mo bá ní kí wọ́n kó ìwé wá, tirẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ó ń jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹ̀yìn kíláàsì, ó ń wo fèrèsé. Ojúṣe mi ni láti béèrè ìdí, ṣùgbọ́n n kò béèrè. Mo rò pé ọ̀lẹ ni.

Bí kì í bá ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà ni, ọ̀lẹ ni ǹ bá máa pe ọmọ náà títí dòní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kpata. Ẹni tí kò bá mọ Kpata, ọjà ni, àdúgbò ni, ó sì tún wà ní ẹ̀bá Odò Ọya. Nupé, Haúsá, Ẹ̀bìrà, Ígálà, Òwórò àti àwa ará Kàbà ni a jọ ń ná ọjà ibẹ̀, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún fóònù ṣe, ó ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn, òun sì ni akọ̀wé àjọ fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja 18. Nígbà tí omi ọdún 2022 wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìwé àjọ náà rin gbingbin, yíǹkì ṣàn pọ̀ mọ́ ara wọn tí a kò fi mọ ti Ìyá kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìrántí àwọn ìyá náà fúnra wọn ni a fi tún ìwé náà kọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó kì í tètè kúrò lórí ẹni tí ó dá a. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni òun yóò máa kó o sí, kí ẹ̀dà rẹ̀ lè wà níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ti kọ́ mi ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ìrọ̀lẹ́ tí kò bá sí oníbàárà. Ó ní kí n fi kọ ètò tí yóò máa ṣírò owó náà, nítorí pé Sátidé tí ń bọ̀ ni wọn yóò pín àjọ.

Mo kọ ọ́. Ní ìlà 12, mo ṣí àkámọ́ wíwọ́ kan, irú èyí tí ó dà bí ọrun tí ọdẹ fà. Láti ìlà 13 títí dé ìlà 30, mo to orúkọ àwọn ìyá 18 náà sínú rẹ̀, iye tí olúkúlùkù dá sì wà ní iwájú orúkọ rẹ̀. Ní ìlà 31, mo kọ ọ́ pé kí àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Inú mi dùn pé mo lè pe nǹkan náà ní "àpapọ̀" gan-an pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní ọdún 2008 ni ó ti gba lẹ́tà èdè gbogbo fún orúkọ. Mo ní kí ẹ̀rọ náà ṣe é. Ó kọ̀. Ó dárúkọ fáìlì mi, ó ní ìlà 31, ó ní ìgbékalẹ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà, ó sì ya ọfà kékeré kan sí abẹ́ àmì tí ó wà lẹ́yìn "àpapọ̀".

Kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò tí ì fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí rí. Ohun tí ènìyàn ń kọ kọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Alágbàtà kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní kọ́ńpáílà. Òun ni ó ń ka ìwé wa, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Python náà ní irú alágbàtà bẹ́ẹ̀ nínú. Bí ó bá rí ohun tí kò yé e, yóò mú ìròyìn àṣìṣe wá. Ìròyìn náà máa ń ní apá méjì: kí ni ó ṣẹlẹ̀, àti níbo. Apá kejì yìí, orúkọ fáìlì, nọ́ḿbà ìlà, àti iye àyè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Mo gba ìlà 31 gbọ́ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ babaláwo gbọ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó kọ̀. Mo yọ àmì ohùn orí "àpapọ̀" kúrò, mo rò pé Yorùbá mi ni kò fẹ́. Ó kọ̀. Mo gbé ìlà náà lọ sísàlẹ̀, mo gbé e padà sókè, mo yí àwọn ìlà tí ó tẹ̀ lé e sí ọ̀tún àti sí òsì. Iná mànàmáná ti lọ, bátìrì ń tán lọ, ẹ̀fọn Kpata sì ń jẹ mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. Nígbà tí ó di bí aago kan òru, mo pa ìdajì ètò náà rẹ́, mo sì tún un tẹ̀ láti orí wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣiṣẹ́. N kò mọ ìdí rẹ̀. Mo sùn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ìyá pé jọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka orúkọ láti inú kọ̀ǹpútà, ó ń ka owó sí wọn lọ́wọ́. Ó ka orúkọ 17, ó dákẹ́. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ Nupé, tí Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ẹlòmíràn nínú wa lọ, dìde dúró. Kò pariwo. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni orúkọ tèmi wà?"

Èmi ni mo ti pa á rẹ́ ní òru, níbi tí mo ti ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Orúkọ rẹ̀ àti owó ọdún kan odidi. Ìwé wà, ẹ ṣeun Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi kò tí ì fi bírò sílẹ̀ pátápátá. A fún un ní owó rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an kò dín ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá náà fi wò mí kò tí ì kúrò lójú mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀dà ètò náà ti àkọ́kọ́, ó fi ojú wá a láti òkè. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ní, "Àbúrò mi, o ṣí àkámọ́ ní ìlà 12. Níbo ni o ti pa á dé?" N kò pa á dé níbì kankan.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ wá sọ pé ìlà 31? Ẹ jẹ́ kí a má bú u. Ó ń kà láti òkè wá sísàlẹ̀ bí gbogbo wa. Títí di ìpẹ̀kun ìlà 30, kò sí ohun tí ó burú, nítorí pé àkámọ́ tí a kò tí ì pa dé ṣì lè wá pa dé lẹ́yìnwá ọ̀la. Ìgbà tí ó kan "àpapọ̀" àti àmì tí ó tẹ̀ lé e, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè sí nínú àkámọ́ wíwọ́, ni ó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ibi tí ó ti mọ̀ ni ó júwe. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ kọ́ ni. Ibi méjèèjì yàtọ̀ síra gan-an, ìlà 19 ni ó wà láàárín wọn, orúkọ ìyá kan sì ṣòfò sí ojú ọ̀nà.

Àwọn tí ń ṣe Python rí i pé èyí ń yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Nínú ẹ̀dà 3.10 tí ó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, wọ́n yí i padà: bí àkámọ́ kan bá wà tí a kò pa dé, ìròyìn náà yóò padà sẹ́yìn lọ tọ́ka sí ibi tí a ti ṣí i, yóò sì sọ pé a kò pa á dé rárá. Ẹ̀dà tí ó ti pẹ́ ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo lò. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ẹ̀dà tuntun. A gbé fáìlì kan náà fún un, kò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tirẹ̀ sì fi ọfà sí abẹ́ àkámọ́ ìlà 12 gẹ́lẹ́. Mo jókòó, mo ń wo ọfà náà. Ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn kíláàsì ni ó sọ sí mi lọ́kàn.

Kí ẹ má rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀rọ ti mọ ìjúwe báyìí. Nígbà tí John Backus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM gbé èdè FORTRAN jáde ní ọdún 1957, orí páálí pélébé ni a ń lu ètò sí, páálí kan fún ìlà kan, àyè 80 lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a kó páálí rẹ̀ fún àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, a sì máa retí èsì, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì. Bí èsì náà bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò níbi tí ó tọ́ka sí, ọjọ́ kan ti lọ lásán nìyẹn. Ní ọdún 1965, ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí kò tí ì gboyè ṣe kọ́ńpáílà FORTRAN tiwọn, WATFOR, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ìyára rẹ̀ àti ìròyìn àṣìṣe rẹ̀ tí ó já gaara ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ro òun lọ́rùn.

Ìtàn kejì kò dùn tó o. Ní ọdún 1969, Ken Thompson ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe irinṣẹ́ ìkọ̀wé kan fún Unix, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ ed. Kì í ṣe kọ́ńpáílà, ṣùgbọ́n ó gbajúmọ̀ fún ìdáhùn rẹ̀: ohunkóhun tí o bá ṣì ṣe, àmì ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò fi dá ọ lóhùn. "?" Kò sí "kí ni", kò sí "níbo". Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń lò ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó wọn. Èmi náà mọ olùkọ́ kan tí ó máa ń fi àmì ìyanu dá ọmọ lóhùn lábẹ́ ìlà ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kì í ṣe ọ̀mọ̀wé.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń rántí ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, nígbà tí ó ti fọ́ gbogbo ìwé náà sí wẹ́wẹ́. Ó fi agbọ̀n ẹja ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ogún tí ó jẹ́ ti ènìyàn ogún, etí omi níbẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ so àkísà aláwọ̀ mọ́ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá so ó níbẹ̀, tí a ti da ẹja pọ̀, tí a ti yan án, tí ẹnìkan wá rí èyí tí ó rà nínú ìṣasùn rẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi mọ ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńpáílà ń ṣe: bí ó bá ti ń gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ìwé wa ni ó ń so àdírẹ́sì mọ́ ọn, àdírẹ́sì náà yóò sì máa bá a lọ dé ìpẹ̀kun. Àkísà náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́, ó ń gba àyè. Àwọn tí ó ṣe Clang, kọ́ńpáílà èdè C, fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan pọ̀ sínú báìtì 4 péré kí ó má baà wúwo. Nígbà tí Python 3.11 jáde ní ọdún 2022, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ohun tí ó bàjẹ́ lórí ìlà, kì í ṣe ìlà nìkan mọ́, àwọn fáìlì tí ó ń túmọ̀ pamọ́ fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tóbi sí i. Wọ́n rò ó, wọ́n ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àyè bá há mọ́ lè pa á.

Èmi náà san owó àkísà tèmi. Láti ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé Sátidé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ḿbà sí etí gbogbo ìlà ìwé àwọn ọmọ mi, mo sì ń ya ọfà kékeré sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣì, kì í ṣe èyí tí mo kọ́kọ́ rí. Ìwé 52 tí mo ti ń fi alẹ́ kan parí tẹ́lẹ̀ wá ń gba alẹ́ mẹ́ta. Olùkọ́ àgbà kan tí ó wá wo iṣẹ́ mi sọ pé mò ń bà wọ́n jẹ́, pé ọmọ gbọ́dọ̀ wá àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó lè gbọ́n. N kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòfò. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí ti ń kọjá ibi ìjúwe, wọ́n ń méfò: "bóyá kọ́mà ni o gbàgbé", àfò wọn kì í sì í bá a mu nígbà gbogbo. Nítorí náà, n kì í kọ ìdáhùn. Ibi tí ó wà ni mò ń fi hàn, mo sì ń fi ojú àti ọpọlọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni wọ́n.

Mo pe ọmọ náà ní àkókò ìsinmi. Mo ṣí àròkọ rẹ̀ ti àkọ́kọ́, mo ya ọfà kan ṣoṣo sí abẹ́ "ọkọ́" ní ìlà kejì, mo sì ní kí ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, a wọ inú ọkọ́!" N kò tún sọ ohunkóhun. Ó mú rọ́bà ìpàwérẹ́, ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ ojú ewé bí ẹni tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ ẹran, ó sọ gbogbo rẹ̀ di ọkọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́. Bóyá ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́.

Ó ku ohun kan tí ó jẹ́ tiwa gan-an, àwa tí ń kọ Yorùbá. Aládùúgbò wa kan tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fi èdè C hàn mí, mo sì gbìyànjú láti fi kọ ètò tí yóò máa tẹ máàkì àwọn ọmọ jáde. Nínú ìlà kan, mo kọ "Ẹ̀kọ́" sínú àmì ìfàyọ, mo sì ṣi orúkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ńpáílà tí ó ti gbó tí a lò rí àṣìṣe náà, ó sì mọ ìlà náà, ṣùgbọ́n ọfà rẹ̀ kọjá orúkọ náà, ó kọjá òpin ìlà pàápàá, ó ń tọ́ka sí òfìfo. Mo ka iye àyè tí ó fi yẹ̀: 8. Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú ń rí nínú "Ẹ̀kọ́". Ní ìlànà Unicode, nǹkan márùn-ún ni, nítorí pé kò sí "ẹ" tàbí "ọ" olóhùn tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. A ní láti mú àmì ohùn wá gbé ka orí lẹ́tà. Ní báìtì, 11 ni: márùn-ún fún lẹ́tà àkọ́kọ́ àti àmì rẹ̀, ọ̀kan fún "k", márùn-ún fún èyí tí ó kẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí ń ka báìtì ka 11 níbi tí ojú ti rí 3. Gbogbo àmì tí a fi ń mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́ ni ó ń ti ọfà síwájú.

Samuel Ajayi Crowther bá àwọn arìnrìn-àjò Odò Ọya dé ìpàdé odò méjèèjì yìí ní ọdún 1841. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ó yẹ kí n bi í bí ó bá rò ó pé ìṣirò ẹ̀rọ yóò kọsẹ̀ lára irú àmì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan! Àtúnṣe ti dé ṣá. GCC, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńpáílà C tí a ń lò jù lọ ní ayé, mú ọfà rẹ̀ bá ohun tí ojú ń rí mu nínú ẹ̀dà 10 ní ọdún 2020. Nínú ẹ̀dà 11 ní ọdún 2021, ó mú nọ́ḿbà àyè náà bá a mu pẹ̀lú. Lórí ẹ̀dà tuntun, "Ẹ̀kọ́" jẹ́ àyè mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn T.P. mi, mo pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Mo sáré kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sí ojú pátákó, mo yíjú padà sí àwọn ọmọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan nà sókè ní ẹ̀yìn kíláàsì.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú mà. Ìlà kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní, lẹ́tà tí ó kẹ́yìn."

Mo yíjú wo pátákó. "Ẹ̀kọ Òní" ni mo kọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ 52 ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó rí ẹfun mú, ẹnìkan sì ti ń béèrè pé àkàrà ńkọ́.